Paípù Tó Kọjú sí Títì

Ara ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo ti kọ́ ọ pé èèyàn lè gbé inú ilé ìjọba pẹ́ títí kí ó wá rò pé òun ni òun kọ́ ọ. Festac ni ó ń gbé, nínú fúláàtì tí ọ́fíìsì fún un, níbi tí ẹlòmíràn ti gbẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn ti ri paípù, tí ẹlòmíràn sì ń bá a kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sí ibi tí kò mọ̀. Tirẹ̀ kò ju kí ó fa ọwọ́ irin, kí omi hó, kí ó jáde síta kí ó máa so bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa paípù, ẹ ó rò pé inú oyún ló ti kọ́ṣẹ́ pulọ́ńbà.

Mi ò lè pè é lórúkọ. Aya kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Èkó ni o, oko ni o. Bọ̀dá ni mo ń pè é lójú rẹ̀. Orúkọ tí mo ń pè é nínú ọkàn mi kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1980, yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé ní Alákijà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan, èmi ń ránṣọ. A ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́yìn Festac, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké bí ẹni pé àwa la wá gba ilẹ̀ bàbá wọn. Ilé kékeré ni a fẹ́ kọ́: yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná, ó tán. A kò gbé e fún kọngilá kankan. Ọkọ mi àti bíríkìlà kan ni wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí, èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n fi ń po yanrìn.

Ohun kan ni mo ń wá nínú ilé náà. Ìyá mi ti ṣubú létí kànga ní ìlú wa, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, wọ́n tò ó ṣùgbọ́n kò tò dáadáa. Ọ̀pá ló fi ń rìn, díẹ̀díẹ̀. Ṣáláńgá ilé wa sì wà ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyàwó àbúrò mi ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, wọ́n ń gbé e bọ̀ ni mo bá wọn, ìró rẹ̀ ti tú, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi sì gbójú sókè wọ́n ń wò ó. A jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo ti ń dá ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni wọ́n wá ń bá mi ṣe yìí." Mo sunkún lójú rẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé tí ilé wa bá ti lórùlé, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò wò ó.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá ọkọ mi sọ nípa ilé náà: kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sínú yàrá ìyá mi. Ó ní ó dára. Ọkọ mi máa ń ní ó dára. Kò ná an ní nǹkan kan.

Ẹni tí kò bá tíì kọ́lé rí lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀. Kí wọ́n tó da kọnkéré sílẹ̀ inú ilé, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì-flọ́ọ̀, paípù tí yóò kó ìdọ̀tí jáde gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìjókòó ni yóò ti ga, yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ síta, kí omi lè máa ṣàn. Tí kọnkéré bá ti gan, ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí paípù bá yọ orí sí ni ẹ ó máa jókòó sí.

Bí a ṣe dé orí èyí ni ọkọ mi ní kò bójú mu kí a da ilẹ̀ ilé láìjẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò ó. Ló bá lọ pè é.

Bọ̀dá dé ní ọjọ́ Sátidé, nínú sáfárì àti bàtà funfun. Bàtà funfun wá sí àbàtà! Ó dì mọ́ agboòrùn rẹ̀, ó ń fo orí pákó bí àkùkọ tí kò fẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ tutù, pulọ́ńbà kan tó mú wá láti Festac sì ń tẹ̀ lé e.

"Níbo lẹ fẹ́ fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì sí?" ó bi ọkọ mi.

Ọkọ mi nawọ́ sẹ́yìn ilé. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé oko lẹ wà ni? Lọ́dọ̀ wa ní Festac, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò máa ń wà. Àlejò á wọlé, á rí i, á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ èèyàn gidi lòun wá."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi tó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa..."

"Ìyàwó wa, má bínú. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà lèyí."

Akọ̀wé ni o. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé. Kò tíì gbẹ́ ihò tí a lè gbin àgbàdo sí rí. Ó fi ìdí agboòrùn fa ilà sínú yanrìn, láti ibi tí pálọ̀ yóò wà, ó gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó kọjá tààrà sí ojú títì.

"Ibí ni paípù máa gbà. Máàhóòlù ìjọba tó ń gba ìdọ̀tí gbogbo ilé á wà ní títì, bíi tọ̀dọ̀ wa. Ẹ kàn máa so ó mọ́ ọn ni."

Mo wo títì. Ọ̀nà yanrìn ni. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Kò sí máàhóòlù, kò sí gọ́tà, kò tilẹ̀ sí òpó iná.

"Bọ̀dá, níbo ni máàhóòlù náà wà, sà?"

"Ìjọba ń bọ̀," ó ní. "Ṣé wọ́n á gbé e dé Festac, kí wọ́n má gbé e dé ibí ni? Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

Ẹ gbọ́ mi, àṣìṣe yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹni tó ń gbé oko kò lè ṣe é, nítorí ó mọ ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Alákijà kò lè ṣe é, nítorí òun àti àwọn ayálégbé yòókù ni wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò pe àwọn tó ń kó o. Àfi ará Festac, tó rò pé abẹ́ gbogbo ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá ni paípù ìjọba wà, tó ń dúró kí òun wá jókòó.

Pulọ́ńbà rẹ̀ ń mi orí. Ọkùnrin yìí kì í ronú, ọrùn rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bi í bóyá a lè gbé paípù gba ẹ̀yìn, ó ní, "Ó ṣeé ṣe, màdáámù, ibẹ̀ gan-an ló dáa." Bọ̀dá wò ó lẹ́ẹ̀kan, pulọ́ńbà bá ní, "Iwájú ló dáa jù, ọ̀gá." Tí ewúrẹ́ ojú títì yẹn bá ní kí ó gbé e sórí òrùlé, yóò bi í pé apá ibo.

Nígbà tí à ń rìn padà sí Alákijà, mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò fọhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi."

"Kí àgbà má lọ jókòó síbẹ̀ ná," mo ní. "Ìyá mi ni yóò jókòó síbẹ̀. Ṣé ojú yín ni yóò máa gbà kọjá, nínú pálọ̀, tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín bá jókòó? Àna yín ni o!"

Ó wolẹ̀. Ó mọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀. Obìnrin tó fi ọmọ fún ọ kì í jẹun lójú rẹ títí yóò fi yó, ká má tíì wá sọ pé kí o gbọ́ ìró ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi mọ èyí bí ó ṣe mọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ó pa ẹnu mọ́, nítorí pé ẹni tó wọ bàtà funfun ti sọ̀rọ̀. Mo pòṣé. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ èyí tí mo kẹ́gàn jù nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n da kọnkéré náà. Mo pọn omi rẹ̀, èmi náà. Mo dúró ti ibi tí paípù ti yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ títí gbogbo ilẹ̀ fi gan, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ilé parí, ìjọba kò dé. Ìdí paípù wà létí ọgbà, ó la ẹnu sílẹ̀ sí títì, kò rí ẹni tí yóò gbà á. Nígbà tí a fẹ́ kó wọlé, kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a gbẹ́ sókàwéè, kòtò tí ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí, sí iwájú ilé, ní ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí Bọ̀dá ti ní kí a gbin òdòdó sí. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá kí wa ń tẹ orí rẹ̀ wọlé. Bọ̀dá wò ó, ó ní kí a rẹ́ ẹ dáadáa, yóò dà bíi bàráńdà. Bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, máàhóòlù tirẹ̀ ní Festac ti kún, ó ti ń sun sójú ọ̀nà, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń ká ṣòkòtò sókè wọ́n ń tẹ orí búlọ́ọ̀kù. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ìyá mi dé nígbà ọyẹ́. Mo fún un ní yàrá ẹ̀yìn, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa. Ó súre fún ọkọ mi títí omi fi lé lójú rẹ̀. Ó ní ilé náà dára. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló dára.

Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ṣí sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ọkọ mi máa ń jókòó sí. Tí ẹ bá da korobá omi sí i, ẹni tó wà ní títì á gbọ́. Bí ọkọ mi bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ìyá mi á dìde, á lọ, á bọ̀, ara rẹ̀ á yá, á máa bá mi sọ ìtàn bí mo ṣe ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ọkọ mi gba ìsinmi ọdún, ó sì wà nílé tọ̀sán tòru. Mo máa ń gbé omi fún ìyá mi, á gbà á, á dúpẹ́. Tí mo bá padà, kọ́ọ̀bù náà kún síbẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, ọmọ mi."

Ètè rẹ̀ la. Mo fi òrí pa á. Orí ń fọ́ ọ, ó ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Ọyẹ́ ni mo dá lẹ́bi, ọyẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan.

Láàárín ìsinmi náà ni àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà sí ilé tuntun wa. Bọ̀dá ló ṣe alága, ta ni ìbá tún ṣe é? Ó mú bàbá ìyàwó rẹ̀ dání, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan tó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá ti fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò han gbogbo wọn, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tún pa á dé, bí ẹni tó ń fi mọ́tò tuntun hàn. Mo gbé ẹ̀wà àti dòdò kalẹ̀. Bọ̀dá jẹ tirẹ̀, ó sì tún jẹ ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orin kejì ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Òógùn bò ó. Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, tí ó bá na ọwọ́ yóò kàn án. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àna rẹ̀. Ó tún wo ilẹ̀kùn. Àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Bọ̀dá bá dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ọkọ̀ mi, mi ò rántí bóyá mo tì í." Ó rìn gba orí sókàwéè tirẹ̀ jáde, itan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó wọ inú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀, ó sì wà á lọ sí Festac. A gbàdúrà ìparí láìsí alága.

Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo fi aṣọ dí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọlọ́run jẹ́ kí ojú mi rí i! Mo wá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, kí èmi àti ìyá mi lè jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí ibùsùn, kọ́ọ̀bù omi tó kún wà lórí itan rẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ó máa dùn ún gan-an kó tó délé."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

"Màámi," mo ní, "ẹ̀yin náà ń dá a dúró."

Ó yí ojú sí ògiri. "Àna mi ni, ọmọ mi. Ṣé kí ó máa gbọ́ mi ni? Tí mi ò bá mu omi, ara máa ń rọ̀ mí."

Inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nítorí bàtà funfun, nítorí àlejò tí kò sí ẹni tó béèrè wọn, ìyá mi ń fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ nínú ilé tí mo kọ́ nítorí rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo yá òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ bíríkìlà wa. Mo ti ibùsùn ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì kọlu jámánì-flọ́ọ̀ náà ní igun tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé, kí paípù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun lè gba ibẹ̀. Kọnkéré náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Ọwọ́ mi bó. Ọkọ mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi kì í mu omi," mo ní. "Nítorí yín ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò sì rọra sọ ọ́. Mo rò pé yóò ní kí a lọ pe ẹ̀gbọ́n òun. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ó fi gbogbo ìyókù ìsinmi rẹ̀ fọ́ ilẹ̀ náà, ó gbẹ́ ẹ gba abẹ́ ògiri jáde sẹ́yìn, ó ri paípù, ó da omi sí i, ó wò ó bóyá ó ń ṣàn. Kò mi orí fún ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá bá wa lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a ti ń gbẹ́ sókàwéè kejì. Ó dúró lórí òkìtì erùpẹ̀, inú rẹ̀ ru.

"Ta ló fún yín láṣẹ? Mo sọ fún yín pé iwájú! Ẹ tún ti gbé oko wọ inú ilé!"

"Bọ̀dá," mo ní, mo sì kúnlẹ̀ dáadáa, "ibi tí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ àdúrà ni à ń kọ́ yìí, sà."

Ọkọ mi ń gbẹ́lẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ìyá mi ló jáde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lórí ìbàdí tí kò tò yẹn, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ má bínú, àna mi. Èmi ni mo fà á." Bọ̀dá jẹ́ kó bẹ òun, ó sì gbà bí ẹni gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, ó ní ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú ìyá mi dìde. Bí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí ọkùnrin yẹn ṣe, mi ò lè gbàgbé bó ṣe dúró tó jẹ́ kí ó bẹ̀ ẹ́.

Ìgbálẹ̀ àti garawa kẹrosínì ni mò ń kó sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò. Ìdí paípù rẹ̀ kọjú sí títì síbẹ̀, ó ń retí ìjọba.

Lọ́jọ́ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun parí, ọjọ́ Àìkú ni, ọkọ mi jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Ìyá mi mú ọ̀pá rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn láti inú, mo gbọ́ bó ṣe da omi, ó pẹ́ díẹ̀, mo tún gbọ́ ọ̀pá náà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dì í mú. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè láti yàrá ẹ̀yìn, ohùn tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí mi ò tíì gbọ́ rí nínú ilé yẹn.

"Ẹ bu omi wá fún mi o! Kọ́ọ̀bù ńlá ni kí ẹ fi bù ú."

Mo ti dìde, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ṣáájú mi. Òun ló bù ú, tó gbé e lọ fún un. Ìyá mi mu ún tán lójú rẹ̀, ó sì ní kó tún bu òmíràn wá.